Ta ló yẹ kó tún àṣìṣe inú sọ́fíwia ọ̀fẹ́ ṣe gan-an?

Àǹtí Táìpù Lágere:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ṣọ́ọ̀bù táìpù ni mo ní ní Lágere, n'Ifẹ̀ níbí, LibreOffice, sọ́fíwia ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, ni mo fi ń ṣiṣẹ́ tórí owó Microsoft ò ṣe é san. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ pírójẹ́ẹ̀tì ní Yorùbá ló pọ̀ jù nínú kọ́sítọ́mà mi, ìyọnu tó wá wà níbẹ̀ ni pé tí mo bá tẹ lẹ́tà "ẹ́" tàbí "ọ̀", àmì ohùn á sá kúrò lórí lẹ́tà á lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìgbà míì á gun lẹ́tà kejì lórí. Supervisor á ní kí wọ́n lọ tún un tẹ̀, èmi ni wọ́n á wá máa bínú sí. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣe LibreOffice, ẹnì kan ní ọ̀dọ̀ àwọn kọ́ ni àṣìṣe yẹn ti wá, kí n lọ bá àwọn tó ṣe fọ́ǹtì. Ta wá ni mo fẹ́ lọ bá? Ẹni tó bá ṣe nǹkan fún aráyé, ṣé òun kọ́ ló yẹ kó tún un ṣe ni?

KóòdùNiṢé:
Àǹtí, òótọ́ ni wọ́n sọ. Lẹ́tà "ẹ" ní nọ́ńbà tiẹ̀ nínú Unicode, ìyẹn ètò tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, 1EB9 ni, àmọ́ "ẹ́" tó ní àmì ohùn ò ní, "ẹ" lèèyàn á kọ́kọ́ gbé sílẹ̀ kó tó wá gbé àmì lé e. (Àwọn Vietnam ní ệ tiwọn lódindi, ẹ ò rí nǹkan!) Fọ́ǹtì ló ń sọ ibi tí àmì yẹn máa jókòó sí, tí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì ò bá ti ṣètò ẹ̀, ibi tó bá wù ú ló máa lọ. Ẹ lo Charis SIL tàbí Gentium, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

Ọmọ Ọbòkun:
Ìdáhùn "ọ̀dọ̀ wa kọ́" yẹn máa ń bí mi nínú ṣá. Iléṣà ni mo wà, oríṣi ìdáhùn yẹn ni mo máa ń gbà lọ́dọ̀ gbogbo wọn. LibreOffice máa ń kó àwọn fọ́ǹtì kan mọ́ ara ẹ̀ wá, fọ́ǹtì téèyàn bá ti dì mọ́ ẹrù ẹ̀, ẹrù ẹ̀ náà ni. Kí wọ́n bá wa gbé ẹjọ́ lọ síbi tó yẹ, àǹtí tó ń taìpù ò lè máa wá ẹni tó ṣe fọ́ǹtì kiri.

agbákóòdù:
Ẹ rọra o. Ẹ lọ ka láísẹ́ǹsì MIT tàbí GPL, ìyẹn àdéhùn tí wọ́n fi ń gbé sọ́fíwia ọ̀fẹ́ jáde, lẹ́tà ńláńlá ni wọ́n fi kọ ọ́ pé kò sí ìdánilójú kankan, bó ṣe wà náà lẹ gbà á. Ní January 2022, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ Log4j dàrú (sọ́fíwia ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n rí àléébù ààbò ńlá nínú ẹ̀), ilé-iṣẹ́ ńlá kan kọ̀wé sí Daniel Stenberg tó ṣe curl, sọ́fíwia ọ̀fẹ́ tó ń gbé dátà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n fún un ní wákàtí 24 kó fi dáhùn ìbéèrè àwọn, bẹ́ẹ̀ curl ò lo Log4j rárá, wọn ò sì san kọ́bọ̀ fún un rí! Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ wá tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn owó. Ó dùn mọ́ mi. Lójú tèmi o, tí version tuntun tí mo gbé jáde bá ba nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa tẹ́lẹ̀ jẹ́, èmi ni màá tún un ṣe, ojú á tì mí tí mi ò bá ṣe é. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó ń fi í pa owó rẹpẹtẹ ni kó sanwó fún àtúnṣe, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Collabora ń gbowó tún LibreOffice ṣe. Àǹtí Lágere ò sí nínú àwọn tí mò ń bá wí o, ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ wọn ò ju fáìlì kékeré kan tó fi àṣìṣe náà hàn, pẹ̀lú orúkọ fọ́ǹtì àti version.

Àǹtí Táìpù Lágere:
Ẹ ṣé o, mo ti gbé Charis sí i, àmì ti jókòó jẹ́ẹ́. Fọ́ǹtì àtijọ́ yẹn, inú fláàṣì kọ́sítọ́mà kan ni mo ti kó o, kò tiẹ̀ sí orúkọ ẹnikẹ́ni lára ẹ̀. Àmọ́ supervisor ní Times New Roman nìkan lòun máa gbà!

KóòdùNiṢé:
Ẹ lo Liberation Serif, ìwọ̀n òun àti Times dọ́gba. Ẹ kọ́kọ́ tẹ "ẹ́" àti "ọ̀" wò lójú ìwé kan ṣá, tí àmì bá tún sá, ẹ fi fáìlì yẹn ránṣẹ́ sí mi, màá bá yín kọ̀wé sí wọn.