Báwo ni adágún díẹ̀ ṣe ń ṣojú fún gbogbo wọn?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, adágún 1,038 péré ni EPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà, yẹ̀ wò lọ́dún 2012, kí ló gbé wọn láyà láti sọ̀rọ̀ nípa ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí wọn kò dé?

Ìdáhùn: Kèké ni wọ́n ṣẹ́, àǹfààní tí adágún kọ̀ọ̀kan ní láti bọ́ sínú rẹ̀ sì hàn sí wọn. Èyí tí àǹfààní rẹ̀ jẹ́ 1 nínú 100 ń dúró fún 100.

Ìdáhùn míì: Òótọ́ ni, àmọ́ kèké lásán lè kó àwọn adágún tí wọ́n yàn jọ sójú kan, ìdí nìyí tí GRTS, ọ̀nà ìṣẹ́kèké tí àwọn onímọ̀ ìṣirò Stevens àti Olsen gbé jáde ní 2004, fi ń fọ́n wọn ká. Ẹ yan adágún àfirọ́pò sílẹ̀ pẹ̀lú, torí onílẹ̀ lè lé yín padà. Bí kèké bá ṣe tò wọ́n ni kí ẹ mú wọn, kì í ṣe èyí tó sún mọ́ títì.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun. Ṣé spsurvey, àkójọ irinṣẹ́ inú R, èdè kọ̀ǹpútà fún ìṣirò, lè ṣe é?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń yan ibi ìyẹ̀wò, ó sì ń ṣírò àbájáde.