Ikọ́ tí a rò pé òtútù ló fà á, oògùn ọkàn Bàbá ni

Ìyá Bùsọ́lá, Ìjerò-Èkìtì

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí o. Ẹni ọdún 77 ni ọkọ mi, èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní 60 díẹ̀ ni. Tíṣà ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ẹ sì mọ̀ pé èèyàn kì í bá tíṣà jiyàn nílé ara rẹ̀. Ohun tí dókítà bá ti kọ, àmín ni lójú wọn.

Ó pẹ́ tí Bàbá ti ń lo amlodipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó kọjá ni èémí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gúlegúle. Bí a bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á dúró lẹ́ẹ̀mejì kí a tó dé, wọ́n á máa díbọ́n pé àwọn ń kí èèyàn. A lọ ṣe àyẹ̀wò ọkàn ní Adó, wọ́n ní ó ti ń rẹ ọkàn náà, kò lè ti ẹ̀jẹ̀ jáde bó ṣe yẹ mọ́. Wọ́n fi lisinopril kún oògùn wọn, àti hóró kan tó ń múni tọ̀. Kí n má purọ́, ó ṣiṣẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Bàbá tún fi ń dá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìdúró kí ẹnikẹ́ni.

Ni ikọ́ bá dé. Kò ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀, kò mú ibà dání. Ọ̀fun á kàn máa yún wọn, wọ́n á wúkọ́ títí omi á fi bọ́ lójú wọn, ti òru ló sì burú jù. Kí ni a ò lò tán? Oyin àti ọsàn wẹ́wẹ́. Orógbó. Efinrin. Oníkẹ́míìsì ta oògùn ikọ́ olómi fún wa, ìgò mẹ́ta. Wọ́n yẹ itọ́ wọn wò bóyá ikọ́ ife ni, wọn ò rí nǹkan kan. Ìyá ìjọ wa ní àfi kí a gbààwẹ̀. A gbà á. Oṣù mẹ́ta!

Èmi tí mò ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni oorun ń jẹ níyà. Lóru ọjọ́ kan tí n kò rí oorun sùn, mo mú ìwé ọmọ-ọmọ mi kan tí kò kọ tán, mo kọ oògùn kọ̀ọ̀kan sí ojú ewé tirẹ̀: ìgbà tí Bàbá bẹ̀rẹ̀ ẹ, iye hóró lójúmọ́, ohun tó yí padà lára wọn lẹ́yìn náà. Nígbà tí mo dé orí lisinopril, ọwọ́ mi dúró. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ. Ikọ́ ti wọlé kí oṣù náà tó parí.

Ilẹ̀ mọ́, mo sọ fún wọn. Wọ́n gbójú sókè láti orí gíláàsì wọn: "Ìyá Bùsọ́lá, ìwé mẹ́fà lo kà. Ìgbà wo lo di dókítà?" Kí lẹ fẹ́ kí n fi fèsì? Mo gbé iyán kalẹ̀, mo dákẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ kílíníìkì pé, mo kó gbogbo páálí oògùn sínú náílọ́ọ̀nù, títí kan ìgò oògùn ikọ́, mo sì tẹ̀lé wọn.

Ọmọdébìnrin kan ni dókítà tí a bá lọ́jọ́ náà, kò lè ju Bùsọ́lá mi lọ. Ó da náílọ́ọ̀nù náà sórí tábìlì, ó ka ìwé mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò bínú rárá. Ó kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ sí àyà Bàbá, torí ó ní omi tó bá dúró sínú ẹ̀dọ̀fóró náà a máa fa ikọ́ fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀. Àyà wọn mọ́. Ó wá ní irú ikọ́ gbígbẹ báyìí wọ́pọ̀ mọ́ lisinopril, pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń ṣe ṣùgbọ́n àwọn mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó fi losartan rọ́pò rẹ̀. Ó ní tó bá jẹ́ ètè tàbí ahọ́n ló wú nígbà tí wọ́n ń lò ó ni, kí a má ṣe dúró kí ilẹ̀ mọ́ rárá, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ó tún wo ọrùn ẹsẹ̀ wọn tó wú. Ẹnì kan ní kẹ́míìsì ti sọ fún wa pé kí a sọ hóró ìtọ̀ di méjì nítorí ìwúlé yẹn, àwa sì ṣe é. Àṣé amlodipine a máa wú ẹsẹ̀! Hóró ìtọ̀ tí a sọ di méjì ló sì ń gbọn potassium, iyọ̀ kan tí iṣan nílò, dànù lára wọn, ìyẹn ni iṣan ẹsẹ̀ ṣe ń fà wọ́n lóru. Oògùn kan bí ìṣòro, a gbé oògùn mìíràn lé e, ìyẹn náà tún bímọ. Ikọ́ yẹn kò lọ lọ́jọ́ kan o, ó gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Ẹ̀yin tó ní àgbàlagbà nílé, kí lojú yín rí?

Àlàbá, Ìkọ̀lé

Yèyé, ẹ kú ìfaradà. Ọdún mẹ́fà ni ìyàwó mi fi jù mí lọ, ẹ má bi mí bó ṣe jẹ́. Atenolol, oògùn tó ń dín ìlù ọkàn kù, ni wọ́n fún un. Òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, ó ṣubú ní balùwẹ̀. Nọ́ọ̀sì ka ọwọ́ rẹ̀, ọkàn ń lù nígbà 46 péré ní ìṣẹ́jú kan. Dókítà bi wá bóyá ó ń lo oògùn mìíràn, àwa méjèèjì ní rárá. A ti dìde tán kí ó tó tú etí aṣọ rẹ̀, ó ní, "Àfi eléyìí tí mò ń kán sójú." Timolol ni, fún glaucoma, àìsàn tó lè fọ́ni lójú. Dókítà di orí mú. Ó ní ẹbí atenolol ni, pé ohun tí a kán sójú ń gba imú wọnú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń dé ọkàn. Wọ́n pààrọ̀ ti ojú, wọ́n dín atenolol kù díẹ̀díẹ̀. Wọ́n kìlọ̀ fún wa pé a kì í já a lójijì.

Ta ló mọ̀ pé ẹ̀kán ojú ń jẹ́ oògùn ọkàn?

Ìyá Ìbejì, Adó

Tèmi ń tini lójú, ṣùgbọ́n ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi kàn ṣàdédé dẹ́kun bíbọ́ ẹ̀wù níwájú mi. Ọdún 40 tí a ti fẹ́ra! Wọ́n á wẹ̀ nínú òkùnkùn. Èmi ti ń ro nǹkan mìíràn. Nígbà tó yá, èémí wọn tún há, ẹsẹ̀ wú. Ọjọ́ tí mo ń tún ibùsùn ṣe ni mo bá hóró spironolactone, oògùn ọkàn wọn, jọ sábẹ́ tìmùtìmù, wọn ò gbé e mì. Ọyàn ló ń yọ lára wọn, ó sì ń dùn wọ́n. Dókítà ọkùnrin ló bá wọn sọ ọ́, èmi jáde síta. Wọ́n dín in kù, wọ́n sì ní ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọkùnrin kan tó ń lò ó. Ká ní wọ́n ti sọ ọ́ fún wa níbẹ̀rẹ̀ ni.

Ìyá Bùsọ́lá

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Ẹ bá mi kí Bàbá.

Ti ilé mi ti gba ìwé náà lọ́wọ́ mi o. Àwọn fúnra wọn ló ń kọ ọ́ báyìí. Wọ́n sì ti fi báírò pupa máàkì gbogbo ibi tí mo ti ṣi lisinopril kọ. Ibi mọ́kànlá.