Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà nídìí ìdíje ìbéèrè àti ìdáhùn, n kò mọ ìwé kà mọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ọdún mẹ́fà ni mo fi bá wọn díje ìmọ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́: àwa mẹ́rin nídìí tábìlì kan, àtàǹpàkò lórí bọ́tìnnì. Ohun tó ṣòro jù ni ìbéèrè fi ń bẹ̀rẹ̀, á wá máa rọrùn bọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ tó sì gbà á, máàkì 10. Ẹni tó bá kánjú ṣì í, wọ́n á yọ 5. Mo fẹ́ràn rẹ̀ dé ọkàn.

Mo ti ṣíwọ́ báyìí, àṣé ìwà ọ̀hún ò tíì ṣíwọ́ lára mi. Mo mọ̀ pé Marie Curie, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nì, gba ẹ̀bùn Nobel ní 1903 àti 1911, mo mọ̀ pé Poland, ilẹ̀ ìbí rẹ̀, ló fi sọ polonium, ìyẹn èròjà kẹ́míkà kan, lórúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí n ṣàlàyé ìdí tí polonium fi ń tú ìtànṣán jáde, n kò ní rí nǹkan kan sọ. Ó ń dùn mí gan-an.

Mo ti kó gbogbo káàdì tí mo fi ń há ìdáhùn sórí sínú àpótí. Mo mú ìwé ńlá kan, ojú ìwé 40 ni mo dé. Orúkọ àti ọdún nìkan ni ojú mi ń ṣà. Mo tún ń bá àwọn àbúrò kọ ìbéèrè, ìyẹn dùn, àmọ́ ó ń dá kún un ni.

Ẹ̀yin tí irú èyí ti ṣe rí, báwo lẹ ṣe padà kọ́ bí a ṣe ń kàwé kó yéni dénú?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ṣáájú.