Àbájáde: ilé ìwòsàn tó ń gba aláìsàn tuntun nítòsí

Ẹ ṣé gbogbo yín. Ohun tí mo béèrè ni bí a ṣe ń rí ilé ìwòsàn tó ṣì ń gba aláìsàn tuntun ládùúgbò àárín ìlú tí èrò pọ̀ sí.

Àbá pé kí n bi apòògùn léèrè ló ṣiṣẹ́ jù. Ìwé oògùn àwọn dókítà àdúgbò ń kọjá lọ́wọ́ wọn lójoojúmọ́, wọ́n mọ ẹni tó ṣì ń gba èèyàn. Máàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe díẹ̀: àdírẹ́sì tọ̀nà, wákàtí iṣẹ́ ló ti yí padà. Ẹ tètè pe ilé ìwòsàn ní kété tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn. Ẹ má kàn béèrè pé "ṣé àyè wà?" Ẹ ní "ṣé ẹ ń gba ẹni tí kò ní fáìlì lọ́dọ̀ yín?" Ìdáhùn ìbéèrè méjèèjì kì í sábà jọra.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú páálí oògùn gan-an dání, torí ìwọ̀n oògùn ní mílígíráàmù wà lára rẹ̀ (àkọ́sórí máa ń ṣini lọ́nà), àti káàdì àjẹsára ọmọ. Láìsí káàdì, wọ́n lè tún abẹ́rẹ́ gún.

Dókítà eyín ló kù tí n kò tíì rí. Orúkọ mi ti wà lára àwọn tó ń dúró de àyè, títí kan àwọn tí wọ́n lè pè lójijì bí ẹlòmíì ò bá wá.