Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì ni mí, ṣé mo lè ṣèwádìí lórí àrùn ìgbàgbé láì jẹ́ dókítà?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin bọ̀dá àti àǹtí mi. Ọmọ ọdún 26 ni mí. Ìyá bàbá mi ti ń ṣarán láti bí ọdún mẹ́ta. Wọ́n á dìde lóru pé àwọn ń lọ sọ́jà, ọjà tí wọ́n ti wó kí wọ́n tó bí mi! Àwọn ará àdúgbò ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé àjẹ́ ni wọ́n. Mo fẹ́ kàwé sí i kí n lè ṣèwádìí àìsàn yìí. Bàbá mi ní kí n lọ máa tọ́jú arúgbó ní Lọ́ńdọ̀nù, pé ìwádìí kì í sanwó oúnjẹ. Ọ̀rẹ́ mi ní dókítà nìkan ni wọ́n ń gbà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì: Ta ló ń sùn ti Màmá lóru? Ẹ yanjú ìyẹn ná.

Ọmọ Ìdíkàn: Irọ́ lọ̀rẹ́ ẹ pa. Àdúgbò wa, Ìdíkàn ní Ìbàdàn, ni Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní 1992. Wọ́n fi àwọn àgbàlagbà wa wé àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ní Indianapolis. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣuntókun àti Ògúnníyì wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ìbéèrè ni, Yorùbá ni wọ́n sì fi ń bèèrè.

Bọ̀dá Adé, Indianapolis: Èsì rẹ̀ jáde ní 2001. Lọ́dọọdún, nínú 100 àgbàlagbà, 3.24 ni àrùn náà ń mú níbí, 1.35 péré ni ní Ìbàdàn. APOE e4, jíìnì kan tí à ń jogún, tó ń dá kún àrùn Alzheimer (oríṣi àrùn ìgbàgbé tó wọ́pọ̀ jù) lára òyìnbó, kò sì fi bẹ́ẹ̀ lágbára lára Yorùbá. Bó bá jẹ́ òyìnbó nìkan ló ń yẹ òyìnbó wò, ta ni ì bá mọ̀?

Olùkọ́ Àgbà: Àbúrò, gbọ́. Bí o bá ní kí àgbàlagbà tí kò mọ̀wé kọ gbólóhùn kan, tí kò kọ ọ́, ṣé arán ló ń ṣe? Àkójọ ìbéèrè tí wọ́n lò ní Ìdíkàn, àwọn Cree, ọmọ onílẹ̀ ní Kánádà, ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún kí wọ́n tó sọ ọ́ di Yorùbá. Ìdajì rẹ̀, ará ilé ni wọ́n ń bi. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti ń ṣòro. Arúgbó tí ìyàwó ilé ń se oúnjẹ fún, tí ọmọ-ọmọ ń pọnmi fún, ta ló máa tètè mọ̀ pé wọn ò lè se ọbẹ̀ mọ́? Ẹni tó gbé inú agbo ilé ló mọ ohun tó yẹ kó bèèrè. Lọ wá iṣẹ́ abèèrè lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣèwádìí ná, kó o tó sanwó másítà. Ìbàdàn wà lára ibi tí wọ́n ti ń darí African Dementia Consortium, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣèwádìí àrùn ìgbàgbé ní Áfíríkà. Tó bá yá, Global Brain Health Institute, ilé ẹ̀kọ́ nípa ìlera ọpọlọ ní San Francisco àti Dublin, ń gba nọ́ọ̀sì, wọ́n tún ń gba oníròyìn àti oníṣẹ́ ọnà.

Àǹtí Manchester: Bàbá ẹ ò jẹ̀bi o. Iṣẹ́ kíà, ìyẹn ìtọ́jú arúgbó, ni mò ń ṣe, òun ló ń sanwó másítà mi. Àmọ́ bí mo bá délé lálẹ́, ìwé ló ń kà mí. Ọdún kẹta rèé, mi ò tíì parí.

Ẹni tó bèèrè: Ẹ ṣé gan-an. Ìyá Ìbejì, bàbá mi ló ń sùn tì wọ́n. Lálẹ́ àná mo bi wọ́n bóyá Màmá ṣì mọ owó kà. Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́. Wọ́n wá ní ó ti pẹ́, pé láti ìgbà tí Màmá ti ń ra ata tí wọn kì í gba ṣéńjì làwọn ti fura, àwọn kàn rò pé ọ̀làwọ́ ni. Wọ́n sọ̀rọ̀ di aago méjìlá. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀.