Ẹ gbà mí o: sípíkà wo ni kí n rà fún ampilifáyà gìtá wa?

Onígìtá Kàbà
Ọ̀kún o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Sípíkà méjì oníínṣì 12 ni mo rà fún ampilifáyà gìtá ìjọ wa. "1000 WATTS" gàdàgbà ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ rárá tí ọ̀kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í ha, èkejì sì ń dún bí ẹni pé wọ́n da aṣọ bò ó. Ẹni tó tà á ní òun kò gba ọjà padà. Káfíńtà tó kan àpótí gba owó iṣẹ́ pé, ó tún gba owó pákó lọ́tọ̀, àpótí náà ti ń là ní igun. Ọ̀gá akọrin wá ń sọ níwájú gbogbo ènìyàn pé ọwọ́ mi ló wúwo jù. Mo kun àpótí yẹn ní dúdú, mo fi rọ́bà sí i lẹ́sẹ̀, mo fi aṣọ tó dáa bo ojú rẹ̀, kò sí ohun tí n kò ṣe sí i. Ìkórè sì ń bọ̀. Ẹ sáà dárúkọ sípíkà tí kì í bàjẹ́ fún mi kí n lọ rà á ní Ìlọrin. Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ ọwọ́ wúwo, mo ti gbọ́ ìyẹn tó.

Atúnrédíòṣe Ẹ̀gbẹ̀
Pẹ̀lẹ́, àbúrò, ẹ kú ìnáwó. Kò sí sípíkà tí kì í bàjẹ́. Yí ẹ̀yìn ampilifáyà yẹn wò ná: wáàtì mélòó ni? Nọ́ńbà wo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò sípíkà, 4, 8 tàbí 16 ohm (ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó)? Ṣé onítúùbù ni àbí onítráńsísítọ̀? Bí ohm kò bá hàn lára sípíkà fúnra rẹ̀, tú wáyà rẹ̀ kúrò, kí o fi mítà wọ̀n ọ́n. Èyí tó bá ka nǹkan bíi 6 sí 7, ohm 8 ni. Èyí tó bá ka 12 sí 13, ohm 16 ni. Bí mítà kò bá ka nǹkan kan, wáyà inú rẹ̀ ti já.

Onígìtá Mọ̀pà
Gbàgbé 1000 yẹn, irọ́ ni. Wáàtì tí sípíkà lè gbé láìsinmi ni kí o wò, èyí tí wọ́n ń kọ ní RMS, kí o sì wo bí ohùn rẹ̀ ṣe ń jáde tó lórí wáàtì 1 ní mítà 1. Sípíkà gìtá gidi sábà máa ń wà láàrin dB (ìwọ̀n bí ohùn ṣe ń ròkè tó) 97 sí 100. Bí èyí tí o rà bá fi dB 3 péré rẹlẹ̀, ìlọ́po méjì wáàtì ni wàá fi sí i kí ohùn rẹ̀ tó bá ti gidi dọ́gba. Wo etí kóònù rẹ̀ náà, ìyẹn bébà tó ń mì lójú sípíkà. Bí ó bá jẹ́ rọ́bà tó nípọn, béèsì ni wọ́n ṣe é fún. Ti gìtá, bébà tó le ni etí rẹ̀, kì í sì í gbé ohùn tó ga ju nǹkan bíi 5,000 Hz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) lọ, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí gìtá gún ni létí nígbà tí a bá fún un lágbára. Nítorí náà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà ọ́ ní twita, sípíkà kékeré fún ohùn tó ga, láti fi kún un.

Ìyá Akọrin Ìyàmoyè
Ọmọ mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa ń ra nǹkan kí ẹ tó béèrè. Wọ́n bi ọ́ ní ìbéèrè, dáhùn! Aṣọ wo lo sì fi bo ojú àpótí? Fi sẹ́nu kí o fẹ́ ẹ. Bí atẹ́gùn kò bá gba inú rẹ̀ jáde wẹ́rẹ́, ohùn náà kò ní gba ibẹ̀ jáde dáadáa.

Onígìtá Kàbà
Ẹ ṣeun, Ìyá. Àǹkárá ni, kí ó lè bá aṣọ akọrin mu ni mo ṣe lò ó, ó sì wuyì. Ti pákó, irú èyí tí wọ́n fi ń kan wọ́ọ̀dúróòbù ni, tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi tẹ̀. Káfíńtà ló ní ó wúwo, pé ohun tó bá wúwo ló ń dún dáadáa. N kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ampilifáyà náà, wáàtì 50 ni wọ́n kọ sí i.

Káfíńtà Ayétòrò
Ìyẹ̀fun igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ kì í di ìṣó ìdè mú pẹ́, pàápàá níbi tí nǹkan ti ń gbọ̀n. Bí òjò bá fọ́n sí i, á wú, igun á là. Plywood mílímítà 18 ni kí o lò yí ká, títí kan pákó iwájú. Fún oníínṣì 12 méjì, fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 72, gíga 50, jíjìn 30 ti tó.

Ibi ihò ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ihò sípíkà Celestion oníínṣì 12 jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 283, ṣùgbọ́n wọn sípíkà tó wà lọ́wọ́ rẹ kí o tó gé e. Ibi tí férémù máa jókòó sí gbọ́dọ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Bí apá kan bá ga, tí o wá fi agbára mú bóòtù, férémù á lọ́, wáyà tó rọ́ sí àárín á bẹ̀rẹ̀ sí í ha irin. Ó ṣeé ṣe kí híha tí o ń gbọ́ jẹ́ èyí. Dẹ bóòtù rẹ̀ díẹ̀, kí o fi ìka mẹ́rin tẹ kóònù wọlé jẹ́jẹ́ lọ́gbọọgba. Bí híha bá dáwọ́ dúró, férémù ló lọ́. Bí kò bá dáwọ́ dúró, ó ti jó nínú. Tí o bá ń mú bóòtù padà, mú èyí díẹ̀, kí o mú èyí tó kọjú sí i díẹ̀, má mú ọ̀kan tán kó tó kan òmíràn. Nọ́ọ̀tì eléyín tí a ń kàn mọ́ ẹ̀yìn pákó ni kí o fi gbà á. Bí ẹ bá ń gbé àpótí náà lọ sóde ìnáwó, ọ̀nà wa yìí nìkan tó tú ìṣó ìdè kúrò lára pákó.

Atúnrédíòṣe Ẹ̀gbẹ̀
Àbúrò, o kò tíì sọ ohm. O kò sì sọ bóyá onítúùbù ni.

Onígìtá Kàbà
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Gíláàsì mẹ́rin kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń pọ́n bí iná bá wọlé. Ihò mẹ́ta ló wà lẹ́yìn, 4, 8, 16. Inú 16 ni mo fi í sí, torí nọ́ńbà tó tóbi jù ló yẹ kó lágbára jù. Mítà ka 6.5 lórí ọ̀kan, 6.4 lórí èkejì. Pupa ni mo so mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú. Wáyà gìtá tó wà nílẹ̀ ni mo fi so ó, ó sì wọ ihò náà dáadáa.

Atúnrédíòṣe Ẹ̀gbẹ̀
Má tan ampilifáyà yẹn mọ́ títí wàá fi ka èyí tán. Gíláàsì yẹn ni túùbù. Ohm 8 méjì tí o so pupa mọ́ pupa, ohm 4 ni wọ́n dà. Ihò 4 ló yẹ kí wọ́n wọ̀. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe agbára, irú sípíkà tí ihò náà ń retí ni. Bí o ṣe so ó yìí, túùbù á máa fa iná kọjá bó ṣe yẹ, á gbóná, á tètè kú, ohùn tó ń jáde á sì dín kù.

Wáyà gìtá ló tún bà mí lẹ́rù jù. Okùn àárín rẹ̀ tín-ín-rín, wọn kò ṣe é fún agbára sípíkà. Bí ó bá já nígbà tí orin ń lọ lọ́wọ́, túùbù á máa ṣiṣẹ́ láìní sípíkà, fóltéèjì á fò sókè nínú tìràǹsífọ́mà tó ń gbé ohùn jáde, ó lè jó. Wáyà rírọ̀ olókùn méjì, 1.5 mm², ni kí o lò. Má sì tan onítúùbù láé bí sípíkà kò bá sí lẹ́nu rẹ̀.

Onígìtá Mọ̀pà
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dẹ́rù bà á jù. Ohm tó kéré ju ti ihò lọ kì í sábà jó tìràǹsífọ́mà. Èyí tó ga ju ti ihò lọ ló léwu, bíi kí èèyàn fi sípíkà 16 sí ihò 4.

Atúnrédíòṣe Ẹ̀gbẹ̀
Ìgbésẹ̀ kan ni ọ̀pọ̀ ampilifáyà lè fara dà, bíi 8 nínú ihò 16. Tirẹ̀, ìgbésẹ̀ méjì ni. Ihò 4 wà níbẹ̀, kí ló dé tí a ó fi dán an wò? Ti onítráńsísítọ̀ yàtọ̀. Òun kò gbọdọ̀ rí ohm tó kéré ju èyí tí wọ́n kọ sí i, á gbóná kú. Bí ohm bá ga jù fún òun, ohùn rẹ̀ kàn á dín ni.

Onígìtá Mọ̀pà
Mo mọ ìyàtọ̀ méjèèjì. Mo ní kì í sábà jó, n kò ní kí ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Onígìtá Kàbà
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jà. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ tìtorí agbára ni, kì í ṣe gìtá tèmi ló ń lo agbára níbẹ̀. Gìtá béèsì tí wọ́n fi sí ihò gìtá kejì ni tirẹ̀ ń pọ̀, òun ló ń mú kí àpótí yẹn máa fò nílẹ̀. Ẹ̀yìn àpótí náà ṣí dé ìdajì, gbogbo wa la sì ń gbọ́ ọ dáadáa.

Atúnrédíòṣe Ẹ̀gbẹ̀
Béèsì! Ìwọ àti béèsì nínú ampilifáyà gìtá kan ṣoṣo? Ibẹ̀ ló yẹ kí o ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí.

Onígìtá Mọ̀pà
Èyí yí gbogbo rẹ̀ padà. Okùn tó nípọn jù lára gìtá, 82 Hz ni. Ti béèsì, 41 Hz. Kí 41 tó lè dún bákan náà pẹ̀lú 82, kóònù gbọ́dọ̀ rìn síwá sẹ́yìn ní ìlọ́po 4. Kóònù gìtá kò lè rìn jìnnà bẹ́ẹ̀. Àpótí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí kò sì ní atẹ́gùn tí yóò dá kóònù dúró, wáyà inú á yọ kúrò láàyè rẹ̀, á ha, á jó. Bí o bá ra èyí tó dára jù lágbàáyé, tí béèsì ṣì wà níbẹ̀, wàá padà síbí. Ẹ fi béèsì sínú míksà ìjọ, kí ó gba inú DI box, àpótí kékeré tí a fi ń so gìtá mọ́ míksà, kọjá.

Lẹ́yìn náà ni kí o wá ra sípíkà. Méjì, ohm 16 ọ̀kọ̀ọ̀kan, pupa mọ́ pupa, á di 8, ihò 8. Onítúùbù wáàtì 50 máa ń ju 50 lọ bí a bá ṣí i tán, nítorí náà sípíkà Celestion Greenback méjì, wáàtì 25 lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ní àyè ìmí. Celestion Vintage 30 gbé wáàtì 60, dB 100, méjì rẹ̀ á gbé e láìfòyà. Gbé e lọ́wọ́ kí o tó sanwó: ojúlówó rẹ̀ sún mọ́ kílò 5. Bí owó kò bá tó méjì, ra ọ̀kan ṣoṣo tó gbé 100, ohm 8, kí o fi sí ihò 8.

Onígìtá Kàbà
Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n béèsì yẹn, ọmọ ọ̀gá akọrin ló ń ta á. Ta ni yóò bá a sọ ọ́?

Ìyá Akọrin Ìyàmoyè
Ka ohun tí wọ́n kọ nípa tìràǹsífọ́mà fún un. Sọ fún un pé ẹ̀rọ ìjọ ló fẹ́ jó, má dárúkọ ọmọ rẹ̀ rárá. Kí o sì bọ́ àǹkárá yẹn kúrò.

Atúnrédíòṣe Ẹ̀gbẹ̀
Títí dìgbà yẹn, so méjì tó wà nílẹ̀ sí ihò 4 bí èyí tó ń ha bá ṣì dúró, gìtá nìkan. Bí ó bá kú, tú u kúrò, kí o fi èyí tó kù sí ihò 8, kí o má ṣí ohùn ju ìdajì lọ. Nígbà tí tuntun bá dé, kí o tó kan ẹ̀yìn àpótí pa, fi bátìrì 1.5 kan ẹnu wáyà fún ìṣẹ́jú àáyá kan, orí bátìrì sí pupa. Kóònù méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ jáde síwájú. Bí ọ̀kan bá wọlé tí èkejì jáde, ohùn wọn á máa pa ara wọn. Yí wáyà ọ̀kan padà.