Ṣé kí n gba ṣọ́ọ̀bù jíìmù ní Under G báyìí?

Tréènà Adéníkẹ̀ẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé àwọn oníbàárà ni mo ti ń kọ́ wọn ní eré ìdárayá. ₦1,500,000 wà lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀bù kan ṣí sílẹ̀ ní Under G, lándílọ́ọ̀dù ń béèrè owó ọdún kan. Ṣé kí n san án, kí n fi ìyókù ra treadmill (ẹ̀rọ tí a ń sáré lórí rẹ̀)?

Ẹ̀gbọ́n Sábó: Àbúrò, fọwọ́ mú owó ẹ ná. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH ló kún Under G. Wọ́n gba ìsinmi tàbí àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀, àdúgbò á dá páropáro, rẹ́ǹtì á sì máa lọ. Kó ìnáwó oṣù jọ: rẹ́ǹtì tí o pín sí 12, iná, epo jẹnẹrétọ̀, ọmọṣẹ́, àtúnṣe. Ká ní ó jẹ́ ₦200,000, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń san ₦8,000, ènìyàn 25 ni yóò gbé ìnáwó yẹn, èrè ò tíì dé. Àwọn tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni kí o kà. Bí wọn ò bá tó 25, lọ bá àwọn tó ni gbọ̀ngàn ayẹyẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀, òfìfo ni púpọ̀ nínú wọn. Sanwó wákàtí kan láàárọ̀, kan nírọ̀lẹ́. Yàrá tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 20 ní ìbú, 25 ní gígùn, gba ènìyàn 12 láìfara gbúnra.

Bọ̀dá Onírin: Treadmill ni kó gbẹ̀yìn. Iná tó ń lọ sókè sódò máa ń jó pátákó tó ń darí mọ́tò rẹ̀. Bí o bá ṣáà máa rà á, ra stabilizer 5 kVA mọ́ ọn, kí o sì wo agbára tí mọ́tò lè lò láìdúró; ti "peak" tí wọ́n ń kọ gàdàgbà sára páálí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló wà fún. Epo silicone ni wọ́n ń fi sábẹ́ bẹ́líìtì. Ọ́ìlì mọ́tò á bà á jẹ́. Bó bá sì gbẹ, mọ́tò á máa fa iná jù, á gbóná.

Irin ni kí o kọ́kọ́ rà, àmọ́ mú tépù lọ́wọ́ lọ sọ́jà. Ọ̀pá Olympic ti ọkùnrin jẹ́ 20 kg, ibi tí àwo ń wọ̀ jẹ́ mm 50. Ọ̀pá ti ilé kò ju bíi mm 25 lọ. Àwo oníhò kékeré ò ní wọ ọ̀pá ńlá. Oníhò ńlá á máa mì lórí ọ̀pá kékeré. Ní ti bẹ́ǹṣì, páìpù onígun mẹ́rin mm 50 tó nípọn mm 3 ni kí wẹ́dà lò, kí ó jó oríkèé rẹ̀ yípo. Èyí tí wọ́n kàn fi iná tọ́ níbi méjì á já lábẹ́ ènìyàn.

Ìyá Ìbejì: Bọ̀dá, ẹ má bínú o, irin nìkan ò ní mú obìnrin wá. Ẹ fún wa ní wákàtí tiwa, kẹ́tẹ́ẹ̀nì lójú fèrèsé (àwọn tó ń lo híjáàbù á dúpẹ́), àti yàrá tí a lè tì láti pààrọ̀ aṣọ. Máàtì, okùn àti spíkà ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Arówómọlé: Ẹ ra ẹ̀rọ tí ń wọn ìfúnpá kí ẹ tó ra dáńbẹ́ẹ̀lì. Kí oníbàárà jókòó fún ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Bó bá tó 180/110, kò sí eré ìdárayá lọ́jọ́ náà, ọ̀dọ̀ dókítà ni kó gbà. Ẹ béèrè oògùn tó ń lò. Atenolol (oògùn ìfúnpá kan) máa ń dín ìlùkìkì ọkàn kù, nítorí náà ìṣirò 220 tí ẹ yọ ọjọ́ orí kúrò, tí a fi ń mọ bí ọkàn ṣe lè yára lù tó, á ṣì yín lọ́nà. Ẹ wò ó bóyá ó ṣì lè sọ gbólóhùn kan láìmí hẹlẹ. Kó má sé èémí bó bá ń gbé irin, ìfúnpá á ga lójijì. Ẹni tó ń gún insulin, kó má ṣe é ní òfìfo inú, kí súgà wà nítòsí.

Tréènà Adéníkẹ̀ẹ́: Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín o. Àwọn tó ń sọ pé "mo máa san án lóṣù tó ń bọ̀" ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Sábó: Owó ṣáájú iṣẹ́ ni. Ta ìgbà 12 pọ̀, kí ó lò ó tán láàárín ọ̀sẹ̀ 5, kí o kọ ọ́ sínú risíìtì. Má gba owó ọdún kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: wàá ti ná an ní Jánúárì, wàá sì máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ títí di Dìsẹ́ḿbà.

Tréènà Adéníkẹ̀ẹ́: Ó yé mi, sà. Bọ̀dá Onírin, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ wẹ́dà fún bẹ́ǹṣì méjì.

Bọ̀dá Onírin: Kọ ìwọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Gíga ìjókòó kó má ju cm 45 lọ, kí ẹsẹ̀ lè tẹ ilẹ̀.